Èmi Ni Mo Tú Imọ̀ Àgbọn Lẹ́nu Ọ̀nà Òkun Tiale

Bí ẹ bá bi mí léèrè ní ọdún méjì sẹ́yìn pé kí ni mò ń bá jà, màá ti dá yín lóhùn kí ẹ tó parí ìbéèrè yín: ìwà ìrẹ́jẹ. Irọ́ kọ́ ni pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí mi ò lè kọ sára pátákó ìwọ́de. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Mò ń jowú ọmọ ìyá mi.

Losalina ni orúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Niue ni wọ́n bí mi sí, erékùṣù kan ṣoṣo láàárín agbami Pàsífíìkì, tí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ilẹ̀ àti òkun ní Auckland, mo gboyè, mo padà sílé.

Mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ nílé tí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kan fi fẹ́ sọ ọgbà yí etíkun kan ká, kí wọ́n kọ́ ilé ìtura síbẹ̀. Èmi ni mo kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Èmi ni mo kọ lẹ́tà. Èmi ni mo dúró síwájú katakata tí mo ní kí wọ́n gun orí mi kọjá. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Gbogbo erékùṣù pàtẹ́wọ́ fún mi.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Mo jókòó sí ọ́fíìsì kékeré kan, mò ń fi òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù àwọn tó ń kó ọkọ̀ wọlé. Tiale ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n ìyá Tiale. Inú ilé kan náà ni Ìyá Àgbà ti tọ́ wa, orí ẹní kan náà la sùn. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi jù ú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí èmi jókòó ti ìwé ní Auckland, Tiale mú àdá, ó ṣán ọ̀nà àtijọ́ kan tó gba inú igbó ẹbí wa lọ sí ẹ̀bá òkun. Ó kan àkàbà mọ́ ara àpáta. Ó so okùn tí àwọn arúgbó lè dì mú. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni adágún omi òkun kan wà láàárín òkúta, omi rẹ̀ mọ́ débi pé ènìyàn á máa rí èékánná ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn àlejò òyìnbó á san dọ́là mẹ́wàá. Tiale á mú wọn sọ̀kalẹ̀, á sọ ìtàn fún wọn, á bẹ́ àgbọn tútù fún wọn mu.

Àwọn ẹgbẹ́ wa tó kù nílé kò tó ìka ọwọ́ kan. Àwọn yòókù wà ní Auckland, wọ́n ń di adìẹ sínú ọ̀rá. Ọ̀nà yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí Tiale náà lọ. Ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀: “Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ mi, ẹ tètè gé tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.”

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé mo mọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn kò ju fọ́tò lọ. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pín nínú ọkọ̀ òfuurufú ya Tiale níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín lórí àkàbà rẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá a lára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ tí mo gboyè. Ti Tiale tóbi ju tèmi lọ.

“Ìyá Àgbà, ta ló lẹ èyí síbí?”

“Èmi ni. Wo eyín rẹ̀! Ó jọ mi nígbà tí mo ṣì ní eyín.”

“Tèmi ńkọ́?”

“Tìẹ náà kúkú wà níbẹ̀. Àmọ́ o lejú koko bí ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀.”

Tiale wà ní ilé ìdáná, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. 

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìrẹ́jẹ nínú gbogbo ohun tí Tiale ń ṣe. Bí mo bá rí i pẹ̀lú àlejò mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, màá ní lọ́kàn mi pé, wò ó, ó ń ta òkun. Bí Pásítọ̀ bá yìn ín, màá ní, wò ó, wọ́n ń yin olówò. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó. Ọ̀rọ̀ tí mo fi lé ilé iṣẹ́ òkèèrè lọ ni mo gbé kọ́ ọmọ ìyá mi lọ́rùn, ó sì bá a mu lójú mi.

Gbogbo nǹkan ló wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Àwọn àlejò tó bá yà sí ọ́fíìsì wa á máa bi mí pé, “Jọ̀ọ́, kí la lè ṣe tí kò ní tán owó lápò wa?” Ní ọjọ́ kan, mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: ogún nǹkan tí ẹ lè ṣe lórí erékùṣù yìí lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́.

Ìwé tó dára ni, mi ò ní tìtorí ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sọ pé kò dára. Ẹ dúró lórí àpáta ní oṣù kẹjọ, ẹ wo àbùùbùtán àti ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ gbọ́ orin tí kò ní gìtá nínú. Ẹ lọ sí ọjọ́ ìpàtẹ abúlé, ẹ wo ẹni tí kókò rẹ̀ tóbi jù àti ẹni tí akàn rẹ̀ wúwo jù. Ẹ yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ wọ̀ sílé rẹ̀, kí ẹ sì máa juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, nítorí ẹni tí kò bá juwọ́, abúlé mẹ́ta á ti gbọ́ kó tó délé.

Mo kọ adágún omi Tiale sí nọ́ńbà kọkànlá. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Mo gbé e lọ sí nọ́ńbà kìíní, mo sì fi kún un pé: “Ẹ má san ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló ni omi.”

Mo fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mọ́ ilé àlejò, mọ́ ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ kẹta ni Tiale wọlé tọ̀ mí wá, amọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Kí ló dé, Tiale?”

“Ìwé yìí ni. Ó dáa gan-an. Ibi tí o ti ní kí wọ́n juwọ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ nọ́ńbà kìíní yìí, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni, àbí ẹlòmíì ló gba bírò lọ́wọ́ rẹ?”

“Òótọ́ ni mo kọ. Àwọn tó fẹ́ sọ ọgbà yí etíkun ká lọ́jọ́sí, àwọn náà ní owó ìwọlé làwọn kàn fẹ́ gbà. Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀yin méjèèjì?”

“Ìyàtọ̀ wa? Èmi ò ní katakata.”

“Mi ò bá ọ ṣeré.”

“Èmi náà ò bá ọ ṣeré. Ta ló ń pààrọ̀ igi àkàbà yẹn tó bá jẹrà? Lọ́dún tó kọjá, ta ló pọn bàbá òyìnbó tó fẹsẹ̀ yẹ̀ gòkè? Mi ò ta omi, Losa. Ẹsẹ̀ mi àti ẹ̀yìn mi ni mò ń tà.”

“Òkun kì í ṣe títà.”

“Mo mọ̀. Ó wà lára ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ.”

Mo wo ẹ̀wù mi. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà.

Tiale tẹ̀ síwájú, ó mú bírò mi, ó kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ìwé náà: “Nọ́ńbà kọkànlélógún: tàbí kí ẹ wá bá Tiale. Dọ́là mẹ́wàá. Ẹ ó mu àgbọn, ẹ ò sì ní já bọ́.” Ó fi lé mi lórí tábìlì, ó juwọ́ sí mi, ó jáde.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lọ káàkiri, ó kọ ọ́ sára gbogbo ìwé tí mo lẹ̀. Àwọn àlejò ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn tó ń tọ̀ ọ́ lọ wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé tí mo fi fẹ́ ba ọjà rẹ̀ jẹ́ ló di ìpolówó ọjà rẹ̀.

Mo bá àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí i. Inú mi ń jó bí ihò ilẹ̀ tí a ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi òkúta gbígbóná kún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àkókò kaloama dé. Ẹja pupa kéékèèké ni kaloama, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń wọ́ wá sí ẹ̀bá erékùṣù wa. Tí wọ́n bá ti wọ adágún kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi ibẹ̀ títí tí àwọn àgbà fi máa kó wọn. Ṣe ni wọ́n á so imọ̀ àgbọn dí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọmọ wa tó máa rí imọ̀ àgbọn ní síso lẹ́nu ọ̀nà òkun tí yóò kọjá.

Lọ́dún yẹn, adágún tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà Tiale ni ẹja wọ̀. Bàbá Viliamu, alága ìgbìmọ̀ abúlé, so imọ̀ àgbọn náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà kan ti ń kùn tipẹ́ pé àlejò ti pọ̀ jù ní ọ̀nà náà, nítorí náà ó pe Tiale síwájú gbogbo wa.

“Tiale, ọmọ mi, ọwọ́ rẹ la fi ọ̀nà yìí sí. Bí ẹsẹ̀ àlejò kan bá wọ omi yẹn kí a tó kó ẹja, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá. Bí mo bá rí àlejò níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá sè é jẹ.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àní Bàbá Viliamu, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń wò ó. Kò sẹ́ni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ katakata pàápàá. Lọ́jọ́ katakata, wọ́n bẹ̀rù mi ni.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣe é.

Eékún ń dun Ìyá Àgbà, Tiale gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Alofi, olú ìlú wa, láàárọ̀. Èmi ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko kókò wa. Mo dé ẹnu ọ̀nà náà, mo bá tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n dúró síwájú imọ̀ àgbọn, aṣọ ìnura wà lọ́rùn wọn, ìwé mi wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọjọ́ orí wọn á tó àádọ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé Joyce ni ìyàwó, Ken ni ọkọ.

“Ẹ káàárọ̀ o,” Joyce wí. “Ṣé ibí yìí ni nọ́ńbà kìíní?”

“Ibẹ̀ ni.”

“A rò pé ewé yìí túmọ̀ sí pé wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. A ti fẹ́ yí padà.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró tì mí díẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ yí padà. Mi ò ní láti ṣe ohunkóhun. Kí n kàn sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” kí n gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Mo wo ojú ọ̀nà, kò sẹ́nì kankan. Mo wo imọ̀ àgbọn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò ju eyín Tiale lára ògiri lọ, àti bí ẹ̀rín Bàbá Viliamu ṣe dún. Ọwọ́ mi ti wà lórí kókó okùn náà kí n tó mọ̀.

“Ó ti parí,” mo ní. “Láàárọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n ti tú u, wọ́n gbàgbé ni. Ẹ máa lọ. Ọ̀fẹ́ ni, fún gbogbo ènìyàn.”

“Ìwọ lo kọ ìwé yìí?” Ken béèrè.

“Èmi ni.”

“Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ.”

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ kí n ti lọ, àmọ́ mo tẹ̀ lé wọn dé orí àkàbà, mo sì yọjú wo ìsàlẹ̀. Adágún náà pọ́n. Kaloama kún inú rẹ̀ bámúbámú. Joyce bọ́ sínú omi, ó kígbe ayọ̀. Ẹja náà yí po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọ́n tú gba àlàfo tó wà láàárín òkúta méjì jáde sí agbami. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Omi náà di aláìláwọ̀.

Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, inú mi dùn gan-an.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún imọ̀ àgbọn náà so bí mo ṣe bá a. Bàbá wa àgbà ló kọ́ èmi àti Tiale bí wọ́n ṣe ń ta kókó yẹn nígbà tí a wà ní kékeré.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹja. Wọn ò bá ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n bá ni awò aláwọ̀ ewé tí àwọn òyìnbó máa ń fi wẹ̀ lábẹ́ omi, ó há sáàárín òkúta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn abúlé. Wọ́n gbé awò náà sórí tábìlì. Tiale dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ rẹ̀ mú.

“Bàbá, mi ò gba ẹnikẹ́ni láyè. Ilé ìwòsàn ni mo wà lọ́jọ́rú. Nígbà tí mo dé, imọ̀ ṣì wà ní síso, mo fọwọ́ kàn án wò.”

“Àlejò wo ló lè tú kókó yẹn kó tún un ta bó ṣe wà?” Bàbá Viliamu béèrè. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ló tú u. Ta ló mọ̀ ọ́n ta ní ẹ̀bá ibẹ̀ bí kò ṣe ìwọ?”

 Tiale yíjú, ó wò mí. Ó mọ ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ta. Kò sọ.

Èmi ni mo dìde. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún abúlé yìí nípa àwọn tó ń fi òkun ṣòwò. Mo ní bí owó bá ti wọ̀ ọ́, èèwọ̀ kì í lágbára mọ́. Mo sọ ọ́ dáadáa, ohùn mi kò gbọ̀n. Àwọn àgbà kan mi orí.

“O ṣeun, Losalina,” Bàbá Viliamu wí. “A ó sọ ìpinnu wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.”

Nígbà tí a ń jáde, Tiale rìn sún mọ́ mi. “Lọ́yà,” ó rọra sọ, “o mọ ọ̀rọ̀ sọ o.” Kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà lórí bẹ́ńṣì, Tiale jókòó sí apá kejì rẹ̀. Lẹ́yìn ìwàásù, Pásítọ̀ ní kí àwọn àlejò dìde, kí wọ́n dárúkọ ara wọn bí a ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo sì mọ ohùn náà.

“Orúkọ mi ni Joyce. Ọkọ mi nìyí, Ken. Ó ti tó ogójì ọdún tí a ti ń rìn kiri ayé, ẹnikẹ́ni kò ṣe wá lálejò báyìí rí. Ìwé kékeré yìí là ń tẹ̀ lé. Òun ló gbé wa wá síbí lónìí. Nọ́ńbà kẹrin ni yín!”

Ẹ̀rín sọ.

“Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó kọ ọ́. Òun ló jókòó níbẹ̀ yẹn, ó dé fìlà funfun. Lọ́jọ́rú, a dé ẹnu ọ̀nà adágún, ewé àgbọn dí i. A ti fẹ́ yí padà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tú u fún wa, ó ní ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja pupa kéékèèké tó wà nínú omi yẹn! Wọ́n yí mi ká bí aṣọ! Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ títí màá fi kú.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Joyce rò pé wọ́n ń fetí sílẹ̀ ni.

“Ó ku kékeré kan,” ó ní. “Mo gbàgbé awò omi mi síbẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni. Ṣé ẹnikẹ́ni bá mi rí i?”

Ó jókòó. Mo gbọ́ bí bẹ́ńṣì ṣe dún lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Viliamu dìde níwájú. “Losalina.”

“Bàbá.”

“Ṣé òótọ́ lohun tí ìyá yìí sọ?”

“Bàbá, mo rò pé... ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn sí òkun...”

“Mi ò bi ọ́ nípa ẹ̀tọ́. Ọwọ́ rẹ ni mò ń béèrè.”

Tiale sọ̀rọ̀ láìwò mí. “Sọ tìẹ, Lọ́yà. O ti sọ tèmi lọ́jọ́ Ẹtì.”

Mo dìde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ní Auckland fò lọ. “Èmi ni mo tú u,” mo ní. “Èmi ni mo tún un so. Mo ń jowú rẹ̀.”

Mo rò pé wọ́n á pariwo lé mi lórí. Mo padà jókòó. Ìyá Àgbà kàn gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ kúrò lórí itan, ó gbé e sáàárín èmi àti òun lórí bẹ́ńṣì. Ààyè tó fẹ̀ díẹ̀ ni, kò ju ìbú àpamọ́wọ́ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò jókòó jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n dá Tiale láre lójú gbogbo ènìyàn. Èmi pa ẹlẹ́dẹ̀, mo sè kókò àti ìbẹ́pẹ nínú omi àgbọn fún gbogbo abúlé, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ oúnjẹ náà, wọ́n sì gba ẹ̀bẹ̀ mi. Àmọ́ ẹja kò padà wá. Àwọn àgbà ní adágún náà gbọ́dọ̀ sinmi ọdún kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀nà rẹ̀, àlejò tàbí ọmọ ilé.

“Ọdún kan?” Tiale béèrè. “Kí ni kí n máa ṣe fún ọdún kan?”

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ gé tíkẹ́ẹ̀tì Auckland.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, gbogbo abúlé wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo mú ẹ̀gbà ọrùn oníkarawun dání, mo dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Tiale ló rìn wá bá mi. Ẹ̀gbà ọrùn ti bo àyà rẹ̀ títí dé àgbọ̀n.

“Gbé e wá,” ó ní. Ó tẹrí ba, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn.

“Tiale, mi ò mọ̀ pé owú ni. Mo rò pé...”

“Èmi mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rí nọ́ńbà kìíní.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́? Ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, o mọ̀ pé èmi ni, o wò mí, o kò sì sọ.”

“Ta ni kí n sọ ọ́ fún, Losa? Ìwọ náà kọ́ lo máa ń bá gbogbo wa rojọ́?”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ó ń di adìẹ sínú ọ̀rá ní Auckland báyìí.

Mi ò tíì jáwọ́ nínú ìjà. Ilé iṣẹ́ yẹn jẹ̀bi, tí wọ́n bá padà wá, wọ́n á bá mi lójú ọ̀nà. Mo ṣì ń bínú, ohun tó ń bí mi nínú sì pọ̀ ní ayé. Àmọ́ ní báyìí, kí n tó kọ lẹ́tà kankan, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà sí orí ìwé òfìfo, màá sì bi ara mi pé kí ni ẹni yìí ní tí èmi ń fẹ́. Tí mo bá rí ìdáhùn, màá ya ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jà fún òtítọ́ bíi tèmi, mo bẹ̀ yín, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè bá orúkọ ọmọ ìyá yín níbẹ̀.

Ọdún kan ti pé. Kaloama padà wọ adágún náà ní oṣù tó kọjá, àwọn àgbà sì kó o. Ìgbìmọ̀ ti ṣí ọ̀nà. Igi àkàbà mẹ́rin ti jẹrà, okùn ti já. Bàbá Viliamu pè mí, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹbí wa ni, tí èmi nìkan sì ni ọ̀dọ́ ẹbí tó kù nílé, ṣé kí wọ́n fi ọ̀nà náà sí ọwọ́ mi?

Ohun tí mo jowú rẹ̀ ló gbé síwájú mi yẹn. Mo ní rárá, mo ní ó ní ẹni tó ni ín. Ó fún ẹni náà ní ọ̀sẹ̀ méjì láti padà dé, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni yóò pé; lẹ́yìn náà, wọ́n á fi fún ẹbí mìíràn.

Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Tiale lórí fóònù: “Wọ́n ti ṣí ọ̀nà rẹ. Mo ti ń gé igi àkàbà tuntun. Jọ̀ọ́, máa bọ̀.”

Ọjọ́ kọkànlá nìyí. Àmì pé ó ti kà á wà níbẹ̀. Kò tíì fèsì.